Ìmoore àti òwò nínú àdéhùn Derek Jeter: àyẹ̀wò ọjà mílíọ̀nù 51 dọ́là

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìwé àdéhùn tí ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù New York Yankees àti balógun wọn, Derek Jeter, tọwọ́ bọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ọdún mẹ́ta ni, mílíọ̀nù 51 dọ́là ni iye rẹ̀, wọ́n sì fi àyè ọdún kẹrin kún un, èyí tí agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Ọjà ni mo pè é, nítorí pé ẹnìkan tà, ẹnìkan rà, àwa tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí a ń ra ẹ̀wù onínọ́ńbà 2 tí Jeter ń wọ̀, tí a sì ń san owó tẹlifíṣọ̀n, ni owó náà ti àpò wa jáde níkẹyìn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà nínú ọjà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí ọjà náà ti jẹ́.

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ní láti kọ́kọ́ mọ bí owó ṣe ń rìn nínú eré yìí. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele tó ga jù lọ kò ní agbára láti dúnàá: fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, iye tí ikọ̀ bá fi lé e lọ́wọ́ ni yóò gbà, bí kò bá ṣáà ti dín sí owó tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ síwájú onílàjà, ìgbà tó bá sì lo ọdún mẹ́fà tán ni ó tó lè di òmìnira, kí ó lọ sí ibi tó bá wù ú. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ ìwé, owó inú rẹ̀ ti dájú. Bí ara rẹ̀ le, bí ara rẹ̀ kò le, wọn yóò san án pé. Nítorí náà, ìgbà tí ẹni náà bá wà ní ọ̀dọ́, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ni owó rẹ̀ kéré jù lọ, ìgbà tí owó ńlá bá sì tó dé, eegun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ibẹ̀ gan-an ni ìmoore àti òwò ti ń forí gbárí, nítorí pé ọlọ́jà ń wo iṣẹ́ tí ó ti ṣe kọjá, oníbàárà sì ń wo iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjà náà ti rí nígbà tí wọ́n ń ná an. Jeter ti pé ọmọ ọdún 36. Ọdún 1992 ni Yankees mú un tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní 1995 ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ìpele àgbà, láti ìgbà náà ni ó sì ti bá wọn gba ife World Series, ìdíje àṣekágbá eré náà, ní 1996, 1998, 1999, 2000 àti 2009. Wọ́n fi í ṣe balógun ní 2003. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó kọjá Lou Gehrig, ó sì di ẹni tí hit rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìtàn ikọ̀ náà. Hit ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù tí ènìyàn bá fi igi gbá, tí ó sì fi sáré dé ibùdó kìíní, ó kéré tán, láìsí pé wọ́n lé e jáde.

Ṣùgbọ́n ní sáà 2010 fúnra rẹ̀, àròpín rẹ̀ wá sílẹ̀ sí .270, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tó gbìyànjú, 27 ló yọrí sí hit. Láti ìgbà tó ti ń gbá sáà pé, kò tíì rí iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tó sì ń dúró sí, shortstop, láàárín ibùdó kejì àti ìkẹta, jẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń já wá léraléra, tí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Gold Glove fún iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìṣirò wo eré kò sì gbà pé ó tọ́ sí i. Èmi náà rò pé orúkọ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn náà.

Ǹjẹ́ Yankees jẹ ẹ́ ní gbèsè? Àwọn tó ń sọ pé wọ́n jẹ ẹ́ máa ń ka ife márùn-ún náà, wọn kì í sì í ka àdéhùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èyí tó tọwọ́ bọ̀ ní 2001: ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 189 dọ́là. Ẹni tó ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 19 ní ọdún kọ̀ọ̀kan fún odidi ọdún mẹ́wàá, a kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Tí a bá fi owó nìkan ṣe ìṣirò, Yankees àti Jeter kò jẹ ara wọn ní kọ́bọ̀. Ohun tí mo gbà pé wọ́n jẹ ẹ́ ni ọ̀wọ̀, ìyẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ kùnà láti san.

Apá tó burú jù lọ nínú ọjà yìí ni bí wọ́n ṣe ná an. Mílíọ̀nù 45 fún ọdún mẹ́ta ni ikọ̀ náà kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Aṣojú rẹ̀, Casey Close, bọ́ síta ní oṣù Kọkànlá, ó sì sọ fún oníròyìn pé ọ̀nà tí Yankees ń gbà dúnàá kò yé òun rárá. Brian Cashman, ọ̀gá tó ń bójú tó rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù fún Yankees, fún un lésì ní gbangba pé kí Jeter lọ wo ọjà, bóyá yóò rí ohun tó wù ú ju èyí lọ. Òótọ́ ni Cashman sọ, gbogbo ẹni tó mọ eré náà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: kò sí ikọ̀ mìíràn tí yóò kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún shortstop ọmọ ọdún 36 tí àròpín rẹ̀ jẹ́ .270. Síbẹ̀, irú òótọ́ yìí wà lára èyí tí a ń sọ nínú iyàrá. Ẹni tó ti ṣe balógun yín fún ọdún méje, tí kò bá yín fa wàhálà lójú ìwé ìròyìn rí, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìwé ìròyìn sọ fún un pé òun nìkan ló rò pé òun ṣì níye lórí. Mi ò dá Close náà láre, nítorí òun ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n aṣojú ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó pariwo. Ikọ̀ tó lówó jù, tó sì mọ̀ pé ẹni náà kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n pe àwọn oníròyìn jọ sí Tampa ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, Jeter, ẹni tí kì í sábà jẹ́ kí oníròyìn mọ ohun tó ń dùn ún, sọ ọ́ síta pé inú bí òun, pé bí ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ló dun òun jù lọ. Ó dun èmi náà. Wọ́n fi mílíọ̀nù 6 kún iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, mílíọ̀nù méjì lórí ọdún kọ̀ọ̀kan. Fún ikọ̀ tó ní pápá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní 2009 àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 2002, owó yẹn kò tó ohun tí wọn yóò fi ba ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́.

Iye tí wọ́n fẹnu kò sí kò burú. Mílíọ̀nù 15 ni fún 2011, 16 fún 2012, 17 fún 2013. Ọdún kẹrin jẹ́ mílíọ̀nù 8, tí ó lè pọ̀ sí i bí ó bá gba ẹ̀bùn ńláńlá; bí kò bá sì gbá a, mílíọ̀nù 3 ni yóò gbà, èyí tó mú kí àpapọ̀ rẹ̀ pé 51. Ẹ ṣàkíyèsí pé àròpín mílíọ̀nù 17 kéré sí ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìdínkù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń pè é ní ẹ̀bùn. Ohun tó wù mí jù nínú ìwé náà ni pé kò gùn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò tètè parí.

Báwo wá ni ọjà náà ṣe ṣiṣẹ́? Ìbẹ̀rẹ̀ 2011 kò dára. Ẹsẹ̀ dùn ún ní oṣù Kẹfà, ó sì jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó ti sọ pé owó ti ṣòfò sì ń gbọ́ ohùn ara wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 9 oṣù Keje dé, ní ọ̀sán, ní Yankee Stadium ní Bronx, tí Tampa Bay Rays jẹ́ àlejò. Hit méjì ló kù kí ó pé 3,000. Ó gbá èkíní ní abala àkọ́kọ́. Ní abala kẹta, David Price, ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì, ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ sílẹ̀ sí i, Jeter yí igi sí i, bọ́ọ̀lù náà sì fò kọjá ògiri apá òsì, ó di home run. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú jáde láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n sì yí i ká. Ìgbà márùn-ún ló mú igi lọ́jọ́ náà, hit márùn-ún ló gbá, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló sì mú kí Yankees borí pẹ̀lú 5 sí 4. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ti dé 3,000 pẹ̀lú ẹ̀wù Yankees ṣáájú rẹ̀, nínú ikọ̀ tí Babe Ruth, Gehrig, Joe DiMaggio àti Mickey Mantle ti kọjá. Àròpín rẹ̀ parí sí .297 ní ọdún yẹn.

Mo fi ọwọ́ pàtàkì mú ọjọ́ náà nítorí pé òun ni ohun tí mílíọ̀nù méjì tí wọ́n fi kún owó ọdọọdún rẹ̀ rà. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ìbínú gbé e lọ sí ibòmíràn, pápá mìíràn ni hit náà ì bá ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tí kò bá a mu. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: Ruth fúnra rẹ̀ parí eré rẹ̀ pẹ̀lú Boston Braves ní 1935, Willie Mays sì kúrò ní Giants lọ sí Mets ní 1972. Kò sí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ eré náà tí àwòrán méjèèjì yẹn ń dùn mọ́.

Sáà 2012 ni ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ní ọmọ ọdún 38, hit 216 ló gbá, kò sí ẹni tó gbá tó o nínú gbogbo eré náà lọ́dún yẹn, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ .316. Ọdún yìí nìkan tó láti dá òwò náà láre. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, nínú ìdíje ìparí sáà pẹ̀lú Detroit Tigers, ní abala kejìlá, ó sáré lọ sí apá òsì láti mú bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ nílẹ̀, kókósẹ̀ òsì rẹ̀ sì kán. Ó dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn pápá, kò lè dìde. Joe Girardi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àti olùtọ́jú ara ikọ̀ náà ló dì í mú jáde. Èmi kò rò pé mo tíì rí i kí pápá Yankees dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2013 kò ní ohun tí mo lè fi yìn ín. Ìfarapa kan ń tẹ̀lé òmíràn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 péré ló gbá, àròpín rẹ̀ .190, owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 17: mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ọdún yìí nìkan ṣe ìdájọ́ yóò sọ pé ìyà ni wọ́n rà. Bí ọjà àgbà ti máa ń rí nìyẹn, oníbàárà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé: ọdún kan yóò dára ju bí ẹ ti rò lọ, ọdún kan yóò wà láàárín, ọdún kan yóò sì ṣòfò pátápátá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n rà, ọ̀kan ló ṣòfò. Ó ṣe é fara dà.

Láti mọ bí èyí ti dára tó, kí a wo ẹni tó dúró sí ibùdó kẹta, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí Jeter. Ní oṣù Kejìlá 2007, àwọn Yankees yìí kan náà fún Alex Rodriguez, ọmọ ọdún 32, ní ọdún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù 275 dọ́là. Wọ́n tún ṣèlérí mílíọ̀nù 6 fún un ní ìgbàkígbà tó bá bá àwọn àgbà dọ́gba tàbí tó bá kọjá wọn nínú iye home run, bẹ̀rẹ̀ láti 660 tí í ṣe ti Mays, nítorí pé wọ́n gbà pé ìtàn náà yóò tà. Nígbà tí Jeter ń dúnàá, ọdún méje ló ṣì kù nínú ẹrù yẹn, mo sì gbà pé ó wà lára ohun tó mú ọwọ́ Cashman le. Bí ó ti parí rèé: wọ́n fi òfin dé Rodriguez fún gbogbo sáà 2014 lórí ọ̀rọ̀ oògùn agbára, nígbà tó dé 660 ní Boston ní oṣù Karùn-ún 2015, Yankees kọ̀, wọn kò san mílíọ̀nù 6 náà fún un, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, wọ́n sì yanjú rẹ̀ nípa fífi mílíọ̀nù 3.5 ta àwọn ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2016 ni wọ́n tú u sílẹ̀, owó rẹ̀ sì ń lọ títí di òpin 2017.

Àpẹẹrẹ kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Ọdún kan péré lẹ́yìn ti Jeter, ní oṣù Kejìlá 2011, Albert Pujols kúrò ní St. Louis Cardinals, ó sì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Los Angeles Angels fún ọdún mẹ́wàá ní mílíọ̀nù 240 dọ́là. Ọ̀rọ̀ gbèsè tí mo sọ pé kò sí nínú ti Jeter wà nínú ti Pujols dáadáa. Ní 2001, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 200,000 dọ́là ni Cardinals san fún un, ó sì gbá home run 37 fún wọn, wọ́n sì dìbò yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ ní líìgì wọn. Àdéhùn tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà jẹ́ mílíọ̀nù 100 fún ọdún méje, nínú èyí tí ó ti gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ife World Series méjì ló bá wọn gbà, ní 2006 àti 2011, àròpín rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá náà sì jẹ́ .328. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ gbèsè, Cardinals ni. Ṣùgbọ́n Angels, tí wọn kò jẹ nínú ọbẹ̀ náà, ni wọ́n wá sanwó ìkòkò.

Àròpín Pujols ní Angels jẹ́ .256. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dé ìdíje ìparí sáà ní gbogbo àkókò tó fi wà níbẹ̀, ní 2014, wọn kò sì borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan níbẹ̀. Ó pé 600 home run àti 3,000 hit pẹ̀lú ẹ̀wù wọn, inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti St. Louis ni. Ní oṣù Karùn-ún 2021, nígbà tí oṣù díẹ̀ péré kù nínú ọdún kẹwàá, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ pẹ̀lú Dodgers, ó padà sílé sí Cardinals ní 2022 fún ọdún kan, mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ó gbá home run 24 níbẹ̀, èyí tó pé 700 sì wà lára wọn, ní Los Angeles ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Cardinals rí gbogbo ayọ̀ náà rà ní owó tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún kan tí Angels san. Ọlọgbọ́n oníṣòwò ni wọ́n, mi ò lè sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní ìmoore, nítorí pé ọdún mẹ́wàá ni àwọn ará St. Louis fi wo akọni wọn nínú ẹ̀wù àwọn ẹlòmíràn.

Lójú mi, èyí ló mú kí àdéhùn Jeter dára ju ti Rodriguez àti ti Pujols lọ. Yankees kò díbọ́n pé ọ̀dọ́ ni àwọn ń rà. Wọ́n ra ọdún díẹ̀, wọ́n san owó tó ga díẹ̀ ju iye tí ọjà ì bá pè é, wọ́n sì tọ́jú ìtàn tí kò ṣeé rà níbòmíràn. Ikọ̀ tó bá ní àgbà lọ́wọ́, tó ti dàgbà sí ọ̀dọ̀ wọn, tí àwọn òǹwòran sì ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ, mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ra irú èyí: kí ó kúrú, kí owó inú rẹ̀ má ṣe ti àṣejù, kí ó má sì jẹ́ ohun ìtìjú. Ikọ̀ tó fẹ́ ra àgbà ẹlòmíràn láti fi orúkọ rẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́wàá, kí ó fi owó rẹ̀ sínú àpò.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èyí tí mo yọ jẹ́ ti oṣù Kọkànlá 2010, kì í sì í ṣe ti 2013, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí eegun yóò kán, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdí tí ó fi dá mi lójú pé wọ́n lè ṣe é dára ni pé wọ́n ṣe é dára lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kọkànlá 2013, lẹ́yìn sáà tí Jeter ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 péré, tí ọdún kẹrin inú ìwé rẹ̀ sì ti gòkè sí mílíọ̀nù 9.5 nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní 2012, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún ọdún kan ní mílíọ̀nù 12. Kò sí aṣojú tó bọ́ síta, kò sí ọ̀gá tó ní kí ẹnikẹ́ni lọ wo ọjà. Ìgbà tí a gbọ́, ó ti parí. Bí wọ́n bá ti ṣe ti 2010 bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún ni ì bá gbà lọ́wọ́ mi.